Orúkọ Tí Jhili Fún Un

"Ìyá Lalatendu, ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ bí ọmọ obìnrin."

Kuntala gbójú sókè kúrò lórí atẹ ẹ̀wà tó ń ṣà. Satyavati, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà aláwọ̀ ọsàn kan lọ́wọ́. Kò tíì bọ́ bàtà. Obìnrin tó máa ń bọ́ bàtà láti ìta kó tó kí onílé, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi bí ẹ̀rọ ìránṣọ, òun ló dúró gbagidi yìí tí kò rí ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?" Kuntala bi í.

"Ìwé yìí ni. Wọ́n ń pín in lẹ́nu ọ̀nà ọjà ẹ̀fọ́. Mo rí àwòrán Lalatendu lórí ẹ̀, inú mi dùn, mo ní ẹ wò ó, ọmọ wa ti ń di ọlọ́jà ńlá. Àfìgbà tí mo kà á délẹ̀."

"Kà á fún mi. Awò ojú mi wà ní yàrá."

"Ẹ jẹ́ n bá yín mú awò yín wá, kẹ́ ẹ fojú ara yín kà á."

"Ìyá Ravi, mo ní kó o kà á."

Satyavati bá kà á, bí ẹni ń ka ìwé ilé ẹjọ́. "'Fúrí-fúrí. Ilé oúnjẹ àárọ̀ tuntun. Ẹ lè pè é ní chuda, ẹ lè pè é ní chura, ẹ lè pè é ní chire. Nílé tiwa, fúrí-fúrí là ń pè é, torí orúkọ tí Jhili àbúrò mi fún un nìyẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó bẹ ìyá wa pé kó fún òun ní fúrí-fúrí. Ìyá wa ní, ó dọ̀la. Jhili ò rí ọ̀la. Ẹ̀yin, ẹ má fi dọ̀la. Ẹ wá jẹ ẹ́ lónìí.'"

Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ilé oúnjẹ náà sí. Ọ̀la ni.

Ọwọ́ Kuntala ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí atẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ló ń jù nù báyìí, òkúta ló ń fi sílẹ̀. Satyavati rí i, kò sì lè sọ fún un.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni aládùúgbò rẹ̀ béèrè nígbà tó yá.

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Òótọ́ ni."

"Ọdún méjìlélógún la ti jọ wà níbí, Ìyá Lalatendu. Ọjọ́ tí ìyá mi kú, orí itan yín ni mo ti sunkún di ọ̀sán. Ẹ̀yin ò wá rò pé èmi náà ní itan?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Kuntala, ṣùgbọ́n kò sáyè fún un nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun mìíràn ti gba gbogbo ibẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó ní kí Satyavati má bínú, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ìlú onírin ni ìlú wọn, iléeṣẹ́ ńlá náà ló sì kó àwọn èèyàn jọ síbẹ̀ láti ibi tí ojú mọ́ dé ibi tó ṣú. Ní òpópónà kan ṣoṣo tí Kuntala ń gbé, ilé méjìlá ló wà, èdè márùn-ún ló ń jáde níbẹ̀. Ní àárọ̀, gbogbo wọn a máa dáná oúnjẹ kan náà: ìrẹsì tí wọ́n gún pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi omi ṣan, tí wọ́n wá dà sínú òróró gbígbóná tí àlùbọ́sà, ata tútù àti ẹ̀pà ti ń ta nínú rẹ̀. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Àwọn Kuntala tó wá láti Odisha ní chuda ni. Ará Bengal iwájú ilé wọn ní chire ni. Ará Bihar ní chura ni, kí gbogbo ayé yéé ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Satyavati tó jẹ́ ọmọ Telugu ní atukulu ni, àti pé yàtọ̀ sí àwọn ènìyàn òun, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sè, ọ̀rá lásán ni tàwọn tó kù. Ìyàwó ẹnjinníà igun òpópónà ní pohe ni, òun a sì máa gbé e fún àwọn tó bá wá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ìgbéyàwó. Wọ́n á fi orúkọ bú ara wọn títí, wọ́n á sì gbé àwo fún ara wọn lórí ògiri.

Orúkọ kẹfà wà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ̀. Kuntala ń fẹ́ chuda lórí atẹ lọ́jọ́ kan, nígbà tí Jhili jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Atẹ́gùn wọlé lójijì, ó gbé ìrẹsì pẹlẹbẹ náà fò káàkiri yàrá. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́, ó ń fò sókè, ó ń kígbe "Fúrí! Fúrí!", torí bí àwọn ọmọdé ibẹ̀ ṣe máa ń sọ nìyẹn bí ẹyẹ bá fò lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pè é ní chuda fún Jhili, kó gbé àwo rẹ̀ padà.

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ní òun fẹ́ fúrí-fúrí. Kuntala ní ó dọ̀la. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ti kú. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ ìbí Jhili, ni Kuntala máa ń bu àwo mẹ́rin tí ó sì ń pe oúnjẹ náà ní orúkọ yẹn, lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tó kù, chuda ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà fún. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, nígbà tí oyún bà jẹ́ lára Susmita, ìyàwó Lalatendu. Lalatendu jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó ní òun ò mọ bí èèyàn ṣe ń gbé irú nǹkan báyìí. Kuntala bá sọ ti ara rẹ̀ fún un, kó lè mọ̀ pé èèyàn máa ń gbé e, kò sì ní pa á. Ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan bàbá rẹ̀. Lalatendu gbé ọwọ́ lé orí ìyá rẹ̀, ó búra.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Jhili ti kú tipẹ́, ìyá rẹ̀ sì mọ ibi tó wà. Àárọ̀ òní ló wá sọ ọ́ nù.

Gadadhar, ọkọ rẹ̀, dé láti ibi tó ti lọ ra mílíìkì. Iṣẹ́ kẹrénì ló fi ogójì ọdún ṣe ní iléeṣẹ́ irin, òkè ló sì ti ń wo ayé nígbà náà. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó dà bíi pé ilẹ̀ ò bá a lára mu. Kuntala na ìwé náà sí i. Kò gbà á.

"Ẹ ti kà á," ni Kuntala wí.

"Láti ọjọ́ Àìkú."

"Ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ jẹun níwájú mi lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Lalatendu béèrè orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá, mo ní kó lò ó. Mo rò pé inú rẹ á dùn pé ẹnì kan ṣì ń pè é. Kò fi ìyókù hàn mí. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ni mo rí i." Ó gbé mílíìkì náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Jhili kú, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bi ọ́. Mo ní, ṣé ó jẹun? O ní ó jẹun."

Kuntala ká ìwé náà sí méjì.

"O ní ó jẹun," Gadadhar tún un sọ. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń fi ìyẹn tu ara mi nínú. Pé ó kéré tán, kò kú pẹ̀lú ebi. Inú ìwé tí wọ́n ń pín lọ́jà ni mo ti wá gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Ó jáde lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Kuntala dúró síbi tó wà. Inú ń bí i sí ọkùnrin náà, ojú sì ń tì í lọ́dọ̀ rẹ̀, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ gbé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni Lalatendu àti Susmita dé, pẹ̀lú páálí àádùn wàrà lọ́wọ́. Ojú Lalatendu ń dán bí ojú ọkọ ìyàwó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kuntala kó ẹsẹ̀ méjèèjì wọ abẹ́ ibùsùn.

"Màmá, kí ló dé?"

"Ta ni mo sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ yẹn fún?"

Lalatendu wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

"Mi ò ní kó o ṣàlàyé. Mo ní ta ni."

"Èmi ni."

"Orí ta lo gbé ọwọ́ lé, tó o fi búra?"

"Màmá, ẹ fetí sí mi, ẹ jọ̀ọ́. Láti ibùdókọ̀ dé ẹnubodè iléeṣẹ́, ilé oúnjẹ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń tà. Ará Bihar ń pè é ní chura, ó ń tà á. Ará Bengal ń pè é ní chire, ó ń tà á. Kí ni tèmi? Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá mi ṣe ìpolówó ní oúnjẹ nìkan kì í tajà mọ́, ìtàn ló ń tajà. Ó ní ṣé mo ní ìtàn. Mo ní mo ní."

"Ìwọ lo ni ín?"

"Àbúrò mi ni, Màmá! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, èmi náà sunkún. Ẹ kó gbogbo aṣọ ẹ̀ dànù. Ẹ já àwòrán ẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ ní kí n má dárúkọ ẹ̀ mọ́ torí pé ó ń dùn yín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ń jẹ́ kí n ní àbúrò. Ẹ̀yin lẹ tún un sin lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ni mo gbé e jáde."

"O ò gbé e jáde. O gbé e sórí atẹ, o ń kiri ẹ̀."

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn ló ti wo fídíò tí mo gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára nípa ẹ̀. Wọ́n ń sunkún, Màmá. Wọ́n ń gbàdúrà fún un."

"Kí ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń sunkún? Ìyá tó fi ebi pa ọmọ ẹ̀." Ohùn Kuntala já. "Mo bu omi ìbànújẹ́ mi fún ọ mu torí òùngbẹ ń gbẹ ọ́. O lọ fi ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò."

Susmita ò tíì jókòó láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, ó fi etí sárì bo orí. "Mo sọ fún un," ló wí, ohùn rẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ jáde. "Mo ní kó yọ ti Màmá kúrò níbẹ̀."

"Susmita, dákẹ́."

"Má pa á lẹ́nu mọ́ nílé mi," Kuntala wí. "Yọ orúkọ yẹn kúrò lára pátákó ilé oúnjẹ rẹ. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́. Ìwé tó ti jáde ti jáde, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, yọ ọ́ kúrò."

"Tí mo bá yọ ọ́, kí ni mo wá ń tà?"

"Chuda."

"Gbogbo èèyàn ló ń ta chuda, Màmá!"

Ó dìde. Ó ní káńsẹ́lọ̀ ló máa wá jẹ àwo àkọ́kọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n sì máa yà á sí fídíò, kí wọ́n bá òun dé ibẹ̀, inú òun á dùn. Ó gbé àádùn sórí tábìlì. Nígbà tí ó ń kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀, bàbá rẹ̀ ò gbójú sókè. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Kuntala ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyẹn ní àìmọye ìgbà, kò mọ̀ pé ọmọ tí òun fún lọ́mú ni wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ fún òun.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Kuntala ti wẹ̀, ó ti wọ sárì funfun elétí pupa. Bàbá rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ni bàbá náà ń tà ní ìlú Baripada, ó sì ní òfin kan tí gbogbo ọlọ́jà ilẹ̀ wọn ní: ẹni àkọ́kọ́ tó bá najà láàárọ̀, ọlọ́run ló rán an. Bohni ni wọ́n ń pè é, àkọ́tà. A kì í lé àkọ́tà. A kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo, ohun tó bá béèrè náà la ó tà fún un, ìyẹn tí a bá fẹ́ kí ọjà tó kù dára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti na ọjà òwúrọ̀ kùtù rí mọ ohun tí mò ń wí. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan tí ẹsẹ̀ ń ro wá ṣí ọjà, ó ní òun ò fẹ́ ìkòkò, àpótí tí bàbá Kuntala jókòó lé ló wu òun. Bàbá dìde, ó tà á. Ó dúró ní gbogbo ọjọ́ náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Kuntala wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ẹnubodè iléeṣẹ́. Aago mẹ́fà ò tíì lù. Wọ́n ti fi òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ṣe ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà, tùràrí ń rú èéfín, agbada òróró ti gbóná. Àwọn tó jáde láti iṣẹ́ òru ti pọ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ ra ikùn, tí wọ́n ń dúró de káńsẹ́lọ̀. Lókè, pátákó aláwọ̀ ọsàn kan wà. Fúrí-fúrí ni wọ́n kọ sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún márùn-ún.

Bí Lalatendu ṣe rí i, ó sáré jáde. "Màmá! Ẹ wá! Mo mọ̀ pé ẹ máa wá!" Ìdùnnú rẹ̀ jẹ́ ti òtítọ́, ìyẹn gan-an ló sì mú kó ṣòro fún ìyá rẹ̀.

"Ta lo ti tà fún?"

"A ò tíì tà fún ẹnikẹ́ni. À ń dúró de káńsẹ́lọ̀ ni."

Kuntala tú etí sárì rẹ̀, ó mú rúpì kan jáde, ó fi lélẹ̀ lórí tábìlì. "Èmi ni mo dé kọ́kọ́. Èmi ni àkọ́tà rẹ."

"Ẹ mú owó yín, Màmá. Ṣé ìyá ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ ni?"

"Mo ní mo fẹ́ ra fúrí-fúrí."

Ó ṣì rò pé eré ni. Ó bu àwo kan kún bámúbámú, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fi àgbọn wọ́n orí rẹ̀, ó sì gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Òórùn rẹ̀ dára. Ó mọ̀ ọ́n sè. Kuntala ló kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ò fọwọ́ kàn án.

"Kì í ṣe ti inú àwo," ló wí. Ó nawọ́ sókè. "Ìyẹn. Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ rà."

Ramashray, ará Bihar tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó wo ojú obìnrin náà.

"Màmá," Lalatendu rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ má ṣe èyí fún mi níta."

"Ìta náà lo ti ṣe tìẹ."

"Orúkọ kì í ṣe ọjà."

"O ti ń tà á láti ọjọ́ Àìkú."

Òróró nìkan ló ń pariwo. Ramashray nu ọwọ́ sára aṣọ, ó sún mọ́ wọn. "Ọmọ mi," ló wí, "ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta tíì níbí. Mi ò mọ ohun tó wà láàárín ìwọ àti ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n àkọ́tà rèé o. Ẹni tó bá lé àkọ́tà ọjọ́ ìṣílé, kó kúkú ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa."

"Ẹ ta á fún màmá, jàre!" ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òru kígbe. "Ebi ń pa wá!"

"Kí wọ́n máa pè é ní chire," òmíràn wí.

"Chire kẹ̀? Ìwọ lọ fọnu! Chura ni wọ́n ń pè é láyé àtọ̀run!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lalatendu dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ láàárín wọn. Nígbà náà ni Susmita jáde láti ẹ̀yìn agbada. Ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ó mú rúpì náà lórí tábìlì, ó fi kan iwájú orí rẹ̀ bí àwọn ọlọ́jà ṣe máa ń fi owó àkọ́tà kan orí, ó sì sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

"A ti tà á," ló wí.

"Susmita!"

"Mo ti gba owó ẹ̀. A ti tà á." Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ká ní tiwa tí oyún ẹ̀ bà jẹ́ náà dàgbà tó láti sọ nǹkan lórúkọ, ṣé wàá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó?"

Ó lọ gbé àtẹ̀gùn, búrọ́ọ̀ṣì àti garawa ẹfun tí àwọn akunlé fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Lalatendu wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun lẹ́tà àkọ́kọ́ pa.

Inú Kuntala ò dùn. Ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín. Ó ti rò pé nǹkan kan á fúyẹ́ lára òun, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló ń wò lórí àtẹ̀gùn níwájú àwọn àjèjì, tó ń sunkún, òun ló sì gbé e síbẹ̀.

"Fídíò yẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi, Màmá," Lalatendu wí láìbojúwẹ̀yìn. "Mi ò lè kó o padà."

"Mo mọ̀."

"Kí ni kí n wá kọ síbẹ̀?"

"Bi àwọn tó fẹ́ jẹun. Wọ́n ní orúkọ tó pọ̀." Ó gbé àwo náà fún òṣìṣẹ́ òru tó sún mọ́ ọn jù lọ. Káńsẹ́lọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Gadadhar wà lọ́dẹ̀dẹ̀ nígbà tó délé. Ó dà bíi pé kò kúrò níbẹ̀ láti àná.

"Ó gbà?"

"Ìyàwó ẹ̀ ló gbà."

Ọkùnrin náà mi orí. Ará Bengal iwájú ilé ń dín àlùbọ́sà. Satyavati yọjú lórí ògiri, ó rí wọn, ó sì padà wọlé láìsọ̀rọ̀.

"Kuntala." Ó lè pé ọdún mẹ́wàá tí Gadadhar ti pè é lórúkọ kẹ́yìn. "Mo ti ka tiwọn nínú ìwé. Mi ò fẹ́ tiwọn. Sọ fún mi bó ṣe rí."

Ó fẹ́ wọlé. Ó fẹ́ sọ pé ó rẹ òun, ó sì rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, nísàlẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ wà.

"Ọjọ́bọ̀ ni," ló wí. "Ọjọ́bọ̀ òrìṣà Lakshmi, nínú oṣù ìkórè. Mo ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya ẹsẹ̀ òrìṣà sílẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà wọ inú yàrá. Ẹ mọ̀ pé a kì í jẹun títí á fi yà á tán. Ibà ẹ̀ ti rọ̀ láàárọ̀ yẹn, mo rò pé ó ti ń lọ. Ó wọ́ aṣọ ìbora wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ka àwọn ẹsẹ̀ náà. Mo ní kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní ebi ń pa òun. Mo ní òrìṣà ló ni òní, ó dọ̀la."

"Kò sunkún?"

"Kò sunkún. Ó ní ó dáa. Ó wá fi orúkọ tiẹ̀ béèrè oúnjẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n gbàgbé."

"Báwo ló ṣe sọ ọ́?" Gadadhar bẹ̀rẹ̀ síwájú. "Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Kuntala di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì sọ ọ́ bí Jhili ṣe sọ ọ́.